Àgbà Tó Fi Orí Gbálẹ̀: Ìbéèrè Tí Àwọn Ẹbí Máa Ń Bi Wá Lórí Ìpalára Ọpọlọ

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ aláìsàn máa ń bi wá, ì báà jẹ́ ará Arówómọlẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó gbé bàbá rẹ̀ wá láti Ìkòyí-Ilé tàbí láti ìlú Ọ̀yọ́. Mo kọ ìdáhùn síbí kí ẹ lè fara balẹ̀ kà á nílé, kí ẹ sì kà á fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé. Bí dókítà tó yẹ aláìsàn yín wò bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí là ń pè ní ìpalára ọpọlọ? Ṣé dandan ni kí agbárí fọ́?

Kì í ṣe dandan. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ló sì wà nínú agbárí. Bí orí bá gbá nǹkan, tàbí tó bá mì jìgì lójijì, ọpọlọ á sún, á gbá egungun, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì lè já. Awọ orí lè má bó rárá, kí inú sì ti bàjẹ́. Nítorí náà, “kò kúkú ṣẹ̀jẹ̀” kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ò ṣe é.

Kí ló sábà máa ń fà á fún àwọn àgbàlagbà lágbègbè wa?

Ìṣubú ni. Balùwẹ̀ tí ọṣẹ ti mú kó máa yọ̀, àtẹ̀gùn tí kò ní ohun tí wọ́n lè dì mú, dídìde lóru láti lọ tọ̀ nígbà tí kò síná, ìró tó gùn jù tó ń há mọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀kadà ló tẹ̀ lé e: àgbà tó fẹ́ sọdá títì tí kò tètè gbọ́ ìró ẹ̀rọ, tàbí ìyá tí wọ́n gbé sẹ́yìn láìdé akoto. Àwọn bàbá tó ṣì ń gun igi mángòrò náà wà.

Ẹ máa wádìí ohun tó gbé e ṣubú. Ó lè jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ lù ú kó tó ṣubú, ó lè jẹ́ pé ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ torí pé ó lo oògùn láìjẹun, ó sì lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń mú kí òòyì kọ́ ọ tó bá dìde. Bí a kò bá mọ ìdí yìí, yóò tún ṣubú.

Ó fi orí gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákú, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ṣé ká ṣì gbé e lọ?

Bó bá ti lé ní ọmọ ọdún 65, mo ní kí ẹ gbé e lọ. Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé láti mọ ẹni tó yẹ kó ṣe CT scan orí (àwòrán tí ẹ̀rọ máa ń yà láti fi inú orí hàn), ọdún 65 sókè jẹ́ ewu fúnra rẹ̀, pàápàá bí ẹni náà bá dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí tí kò rántí bó ṣe ṣubú.

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí wọn, kò yẹ kí ẹ dúró kí ilẹ̀ tó mọ́: kó máa bì léraléra, kí orí fífọ́ máa le sí i, kó máa sùn ṣáá tí jíjí rẹ̀ sì di iṣẹ́, kí gìrì gbé e, kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ máa jáde láti etí tàbí imú, tàbí kí ẹyinjú kan fẹ̀ ju èkejì lọ.

Kí la lè ṣe kó tó dé ilé ìwòsàn?

Ìpalára àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí orí gbálẹ̀; kò sí ẹni tó lè dá ìyẹn padà. Èkejì ló wà lọ́wọ́ yín. Ọpọlọ tó ti farapa kò lè fara da àìrí atẹ́gùn, kò sì lè fara da kí ẹ̀jẹ̀ má ròkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èébì fi dí ọ̀nà ọ̀fun lè ba ohun tí ìṣubú gan-an kò bà jẹ́.

Bí kò bá mọ ara rẹ̀ tàbí tó ń bì, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́: kí ẹnì kan di orí mú, kí àwọn yòókù yí ara, kí ọrùn àti ẹ̀yìn jọ yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wá mọ́tò tí yóò lè dùbúlẹ̀ sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Mo mọ̀ pé òun ni ó máa ń wà nítòsí jù lọ láàárín òru, ṣùgbọ́n ọrùn tó ń mì sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà gbágungbàgun lè sọ aláìsàn kan di aláìsàn méjì.

Ẹ má fún un ní omi, àgbo, epo pupa tàbí omi iyọ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má da omi tútù sí i lórí. Kí ẹni tí ìṣubú náà ṣojú rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ, kí ó sì kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò dání, títí kan àwọn tí ẹ rà lọ́wọ́ onísáṣẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà.

Dókítà ní “9 nínú 15”. Kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ?

Glasgow Coma Scale ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníṣègùn ní ìlú Glasgow lórílẹ̀-èdè Scotland ló gbé e jáde ní 1974. Ojú lílà ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ sísọ ní 5, bí apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń dáhùn sí àṣẹ tàbí sí ìrora ní 6. Ẹni tó jí saka ní 15. Ẹni tí kò mira rárá ní 3. Láti 13 dé 15 ni wọ́n ń pè ní ìpalára fẹ́ẹ́rẹ́, 9 sí 12 ni àárín, 8 sísàlẹ̀ ni ó le gan-an.

Nọ́ńbà yìí lè tan ènìyàn jẹ lára àgbà. Àyè tó wà nínú agbárí àgbà pọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ lè ti ṣàn púpọ̀ kí máàkì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Bákan náà, ẹni tí etí rẹ̀ ti di tipẹ́, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lè pàdánù máàkì láìjẹ́ pé ìpalára tuntun ló fà á. Ẹ sọ fún wa bó ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìṣubú. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí ara àgbà kì í tètè yá bí ti ọ̀dọ́?

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ọpọlọ máa ń sún kì díẹ̀díẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó so ó mọ́ ara agbárí á wá na gan-gan bí okùn tí wọ́n fà jù. Ìkọlù kékeré lè já wọn. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ fúnra wọn ti le, wọn kì í lè fẹ̀ tàbí súnkì kíákíá bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá lọ sókè tàbí sílẹ̀. Agbára tí ọpọlọ fi ń wá ọ̀nà mìíràn gbà nígbà tí ọ̀nà kan bá dí náà ti dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán.

Ti ara yòókù tún wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lórí ibùsùn máa ń gba ẹran ara lọ lọ́wọ́ ẹni ọdún 75 ju bó ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọdún 25 lọ, yóò sì ṣòro fún un láti gbà á padà.

Ṣé ọjọ́ orí nìkan ló ń pinnu bóyá yóò gbádùn?

Rárá o. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Ọjọ́ orí ń fi kún ewu, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n bó ṣe lágbára sí kó tó ṣubú ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè: ṣé ó ń dá rìn lọ sí ọjà? Ṣé ó ń dá wẹ̀? Ṣé ó ti ń rù láti bí oṣù mẹ́fà? Ìyá ẹni ọdún 82 tó ṣì ń gbé irú lọ tà lè gbádùn ju bàbá ẹni ọdún 66 tí ìtọ̀ ṣúgà, àìlera kíndìnrín àti ọtí ti jẹ lára.

Àwọn nǹkan tó tún wọ̀n lórí òṣùwọ̀n rèé: bí ìpalára náà ṣe le tó àti ibi tó wà nínú ọpọlọ, bóyá atẹ́gùn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwọn àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn tó ń lò, oúnjẹ tó ń jẹ, àti ẹni tó jókòó tì í. Púpọ̀ nínú wọn kò sí lábẹ́ àṣẹ ọjọ́ orí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ “àgbà ṣáà ni, kí la fẹ́ ṣe?” lẹ́nu ẹbí, nígbà tí ìtọ́jú kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bàbá ń lo aspirin tàbí warfarin. Ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì?

Ó ṣe pàtàkì gan-an. Aspirin, clopidogrel, warfarin, rivaroxaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Oògùn tó ń dáàbò bo ọkàn tàbí tó ń dènà rọpárọsẹ̀ yìí kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ inú agbárí má tètè dá. Ẹ mú páálí oògùn náà wá, torí pé ohun tí a ń lò láti ká agbára warfarin kò kan aspirin.

Ẹ má dá dá a dúró, ẹ má sì dá dá a padà. Ọjọ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó jẹ́ ohun tí dókítà ọpọlọ àti dókítà ọkàn ní láti jọ sọ. Fún ìrora orí, paracetamol ni kí ẹ lò títí dókítà yóò fi sọ nǹkan mìíràn; diclofenac àti ibuprofen máa ń fi kún ewu ìṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga nígbà tó dé. Kí ló dé tí wọn ò tètè mú un wálẹ̀?

Nígbà tí ọpọlọ bá wú, ara máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè kí ó lè dé ibẹ̀. Bí a bá fi ipá já a wálẹ̀ lójijì, ebi ẹ̀jẹ̀ lè pa ọpọlọ. Fún ẹni tó ju ọdún 70 lọ tí ìpalára rẹ̀ le, ìlànà ni pé kí nọ́ńbà òkè nínú méjì tí wọ́n ń kà tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru má lọ sábẹ́ 110. Nítorí náà, ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níkọ̀kọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ṣe é lójú mi rí, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì ṣe é.

Onísáṣẹ́ẹ̀tì ní abẹ́rẹ́ dexamethasone lè mú kí ọpọlọ má wú. Ṣé ká gbà á?

Ẹ má gbà á fún orí tó gbálẹ̀. Ìdílé oògùn yìí ni wọ́n ń pè ní steroid. Ìwádìí ńlá kan, CRASH, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, lo ọ̀kan nínú wọn fún àwọn tí orí wọn farapa. Aláìsàn tó kópa lé ní 10,000. Àwọn tó gba oògùn náà ló kú jù. Àwọn àìsàn ọpọlọ mìíràn wà tí oògùn yìí wúlò fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.

Oṣù méjì ti kọjá tó ti ṣubú, a sì ti gbàgbé. Ní báyìí ó ń gbàgbé nǹkan, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀. Ṣé ó ti ń ṣarán ni?

Ẹ má tíì pè é bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ewé yìí, èyí ni a máa ń gbójú fò jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan lè já nígbà ìṣubú kékeré, kí ẹ̀jẹ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀ sáàárín ọpọlọ àti agbárí. Nítorí pé àyè wà níbẹ̀ lára àgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá, oṣù méjì lè kọjá, kó tó di pé ẹ̀jẹ̀ náà tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí ni pé orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ó ń gbàgbé, ó ń sùn lọ́sàn-án, ìrìn rẹ̀ yí padà, ọwọ́ kan ò lágbára mọ́, ó ń tọ̀ sára. Ara rẹ̀ lè dá lónìí kó tún bàjẹ́ lọ́la. Àwọn kan á ní ogbó ni, àwọn kan á ní rọpárọsẹ̀ ni, àwọn kan á ní ẹni kan ló ń ṣe é. Nígbà mìíràn aláìsàn fúnra rẹ̀ kò rántí pé òun ṣubú. Orí lè ti gbá férémù ilẹ̀kùn lásán.

CT scan ló ń fi í hàn. Tí ẹ̀jẹ̀ náà bá pọ̀, wọ́n á lu ihò kékeré kan tàbí méjì sí agbárí, wọ́n á sì fà á jáde. Mo ti rí ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń béèrè ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́bọ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè tún kó jọ lára bí ẹnì kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn “arán” díẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ lè wò sàn.

Ṣé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ orí fún ẹni ọgọ́rin ọdún?

Wọ́n ń ṣe é. Iṣẹ́ abẹ fífa ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ jáde ni ó rọrùn jù lára àgbà; wọ́n tilẹ̀ lè ṣe é nígbà mìíràn nípa pípa ibẹ̀ kú láìfi oorun gbé e lọ. Ṣíṣí agbárí gbàgà fún ẹ̀jẹ̀ tuntun ló wúwo. Níbẹ̀, dókítà á wo bí ó ṣe lágbára sí tẹ́lẹ̀, bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀, àti bí ọpọlọ ṣe bàjẹ́ tó.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, kì í ṣe pé wọ́n lé yín. Láti 1962 ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti wà níbẹ̀, ọmọ agbègbè wa ló sì dá a sílẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdẹ́kù, tí wọ́n bí ní 1927 ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí dókítà pe ibẹ̀ ṣáájú, kí ẹ gba ìwé àti fíìmù scan dání, kí ẹ sì béèrè bóyá nọ́ọ̀sì àti atẹ́gùn wà nínú ọkọ̀. Ọ̀nà náà jìn.

Kí ló yẹ kó máa jẹ?

Kó tó jẹ ohunkóhun lẹ́nu, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kọ́kọ́ dán ọ̀fun rẹ̀ wò. Ìpalára ọpọlọ lè mú kí oúnjẹ gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ó wúkọ́ rárá, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá sì ti pa àwọn tí ọpọlọ wọn ti ń sàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọ ikùn bọ imú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó wá kí i yọ ọ́ nítorí àánú.

Ẹran ara rẹ̀ ń yọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà ògì lásán kò tó. Ẹ po ẹ̀wà sóyà tàbí wàrà mọ́ ògì, ẹ fún un ní ẹyin, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Bó bá ti ń jẹun lẹ́nu, kó jókòó dáadáa, kó jẹ díẹ̀díẹ̀, kó má sì dùbúlẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Omi tó ṣàn gérégéré ló máa ń ṣòro jù láti gbé mì. Ohun tó ki díẹ̀ ló máa ń rọrùn. Ẹ yẹ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ wò, ẹ fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ó wà lórí ibùsùn, kò lè yí ara. Kí la máa ṣe?

Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru. Ẹ pín in bí ẹ ṣe ń pín iṣẹ́ oko. Ẹ wo ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgbúnwọ́ àti ẹ̀yìn orí. Ibi tó bá pọ́n tàbí tó dúdú sí i ni egbò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tàbí tí èémí rẹ̀ bá dédé ń yára, ẹ pe wá lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀.

Lọ́sàn-án ó mọ gbogbo wa. Lóru ó ń pe àwọn tó ti kú, ó fẹ́ já rọ́bà. Ṣé ọlọ́jọ́ ti dé ni?

Ọ̀pọ̀ ẹbí ti sọkún dànù nítorí èyí. Ìdàrúdàpọ̀ òjijì tó máa ń bá ọpọlọ àgbà nígbà àìsàn ni, ó wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń ní ohun tó fà á tí a lè wá rí: ibà tàbí kòkòrò nínú ìtọ̀, ìtọ̀ tó há, ìgbẹ́ tó di, ìrora tí kò lè sọ, òùngbẹ, oògùn kan, àìsùn.

Ẹ sọ fún wa kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú awò ojú rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ wá. Ẹni tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, nínú wọ́ọ̀dù àjèjì, á dàrú láìṣẹ̀. Kí ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa máa sùn tì í. Kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ òní, ibi tí wọ́n wà. Ẹ jẹ́ kí iná kékeré wà. Ẹ má jiyàn, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì ra oògùn oorun fún un.

Láti ìgbà tó ti délé, ó ń bínú sódì, tàbí kí ó kàn jókòó kó máa wo ògiri.

Apá ọpọlọ tí ń darí ìbínú àti ìfẹ́ láti ṣe nǹkan ló farapa. Kì í ṣe ìwà burúkú tó fi pamọ́ tẹ́lẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà wọ́pọ̀: ẹni tó ń darí ẹbí lánàá wá di ẹni tí wọ́n ń wẹ̀. Bí kò bá jẹun, tí kò sùn, tàbí tó ń ní òun ti di ẹrù, ẹ sọ fún dókítà, torí ìtọ́jú wà fún un, ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í sì í ṣe eré ìdárayá tí yóò mú un dìde. Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó ta mángòrò tàbí kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, ẹ bi Bàbá léèrè.

Ìgbà wo ni eré ìdárayá yóò bẹ̀rẹ̀? A ò lágbára láti máa sanwó physiotherapy lójoojúmọ́.

Gbàrà tí dókítà bá ti ní ara rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kó kọ́kọ́ sinmi dáadáa ná. Ìsinmi àsinmijù ni ó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Bí ẹ kò bá lè máa lọ lójoojúmọ́, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ sì máa ṣe é nílé: jíjókòó létí ibùsùn láìfara ti nǹkan, dídìde lórí àga nígbà mẹ́wàá, rírìn dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá.

Iṣẹ́ ilé wa dára fún ọwọ́ àti ọpọlọ. Kó máa bó ẹ̀gúsí, kó máa ṣa ẹ̀wà, kó ta ayò: ayò ń kọ́ ìka, ó ń kọ́ ìṣirò, ó sì ń mú ọ̀rẹ́ wálé. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kọ̀ fún, ẹ gbìyànjú orin àti oríkì. Ẹni tí kò lè dárúkọ omi lè kọ orin ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọpọlọ kì í ṣe ọ̀kan náà pátápátá pẹ̀lú ti ọ̀rọ̀.

Gìrì gbé e lẹ́yìn tó délé. Ṣé wárápá ni?

Ọpọlọ tó ti farapa lè mú gìrì wá, kódà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Kì í ràn. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀, ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ni. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn rẹ̀, kó má dá a dúró lójijì.

Ṣé a lè pa àgbo àti àdúrà pọ̀ mọ́ ìtọ́jú?

Àdúrà, ẹ máa gbà á. Ohùn àlùfáà tàbí ti pásítọ̀ tó mọ̀ máa ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Ààwẹ̀ ni kí ẹ má fi í sí. Ti àgbo, ẹ sọ ọ́ síta fún dókítà, mi ò ní bá yín wí. Àwọn ewé kan ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àwọn kan ń já ṣúgà wálẹ̀, wọ́n sì lè bá oògùn jà. Gbẹ́rẹ́ sínsín sí orí tó farapa kò bójú mu rárá.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó gbádùn?

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àyípadà máa ń yára jù. Ó ṣì lè máa sunwọ̀n sí i títí di ọdún kan, ọdún méjì, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n á rọra. Ti àgbà máa ń falẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, nítorí náà ẹ má fi oṣù kan dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ máa kọ ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ kì í rí i pé ó ń yí padà.

Ó fẹ́ padà sí oko, sí ọjà, tàbí sórí ọ̀kadà.

Ọjà àti oko, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹnìkejì, láàárọ̀ tí òòrùn ò tíì mú. Ẹni tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan lójúmọ́. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà wíwà, ó di ìgbà tí dókítà bá yẹ ojú, ìrántí àti ìyára ọwọ́ rẹ̀ wò. Bí gìrì bá ti gbé e rí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ìṣubú kejì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà ẹ kan ohun ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, ẹ tẹ́ ohun tí kì í yọ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Èmi nìkan ni mò ń tọ́jú Màmá. Àwọn yòókù wà l'Ékòó, owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Ẹ sọ ọ́ fún wọn láìfi bò. Ara aláìsàn kì í yá bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá sùn. Oògùn á ṣì í lọ, yíyí ara á fò, ìbínú á wọlé. Owó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi ara wọn ránṣẹ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè sùn. Bí wọn ò bá lè wá, kí owó náà gba ẹni tí yóò máa wá ràn yín lọ́wọ́ lóru. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín náà wò.

Dókítà ní kò jọ pé yóò jí mọ́. Àwọn ọmọ ò sì fẹnu kò lórí ohun tó kàn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ti yá jù láti dájọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó pẹ̀lú ìtọ́jú kíkún, àyàfi tí ìpalára náà bá ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ nǹkan sí. Kí ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ó sì máa fi ohun tó gbọ́ jíṣẹ́ fún àwọn yòókù bó ṣe rí.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ohun tí àkọ́bí fẹ́ tàbí ohun tí ará àdúgbò yóò sọ. Kí ni Bàbá máa ń sọ nígbà tó wà lálàáfíà? Àgbà mìíràn á ti ní kí wọ́n má gbé òun káàkiri; òmíràn á ti ní òun á jà dé òpin. Ohun tí òun sọ ni kí ẹ gbé síwájú dókítà.

Bí ẹ bá gbà pé kó sinmi, ìtọ́jú kò tíì tán. Ẹ béèrè oògùn ìrora àti ohun tí yóò mú èémí rẹ̀ rọrùn. Ẹ máa fi òwú tútù nu ètè rẹ̀, ẹ máa yí i, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa gbọ́ràn, nítorí náà ẹ má jíròrò owó ìsìnkú lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.